Gbogbo Ọwọ́ Ń Tẹ Imú Tóbilọ́ba

Imú Tóbilọ́ba ló pupa jù ní gbogbo Ẹdẹ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Kì í ṣe èyí tó wà lójú ẹ̀ gan-an o. Ìyẹn wà níbi tó máa ń wà, ó tutù, èérún pákó díẹ̀ bà lé e, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó. Èyí tó pupa ni èyí tó wà nínú láptọ́ọ̀pù, lórí wẹ́bùsáìtì ilé iṣẹ́ pósí tó ti ń ṣiṣẹ́, nínú fọ́tò kan tí òun fúnra ẹ̀ ti nà gbalaja sínú pósí, tó dijú, tó ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà bí ẹni tó ti parí ẹjọ́. Pupa yẹn bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí, ó gorí imú, ó bo etí òsì, ó sì ṣàn dé orí ìrọ̀rí bí ìgbà tí èèyàn bá da epo sórí ìrẹsì.

Mansur, káfíńtà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, gbé ayùn sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó.

"Wọ́n ti sun ẹ́ jinná," ó ní.

"Hítímáàpù ni."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Tóbilọ́ba ṣàlàyé fún un bí ẹni tó ń ka bébà inú páálí oògùn. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ sáìtì náà, ibi tó bá ti fi ìka kan ojú fóònù ẹ̀, nǹkan yìí á sàmì síbẹ̀. Tí ẹnì kan bá tẹ ibì kan, ibẹ̀ á ṣe búlúù. Tí wọ́n bá pọ̀ díẹ̀, á di gíríìnì, á di yẹ́lò. Tí gbogbo ayé bá ń tẹ ibì kan ṣoṣo, á pupa fòò. Kì í dárúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ọwọ́ dé nìkan ló mọ̀.

"Bọ́tìnì tí wọ́n máa fi pè wá ńkọ́?"

Tóbilọ́ba fa ojú ìwé náà lọ sísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni bọ́tìnì náà wà, wọ́n kọ PÈ WÁ sí i gàdàgbà. Búlúù ni. Èèyàn méjì péré ló ti tẹ̀ ẹ́ láàárín oṣù kan. Mansur fúnra ẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn, lọ́jọ́ tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kejì pè láti ṣépè.

"Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún èèyàn tó wọlé," Tóbilọ́ba ní. "Imú mi ni wọ́n ń tẹ̀."

Ó sọ ọ́ bí ẹni pé imú ẹlòmíràn ni. Bó ṣe ń sọ gbogbo nǹkan nìyẹn láti oṣù mẹ́tàlá tí ìyá ẹ̀ ti kú. Ata kì í ta á mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òòlù já bọ́ lé e lẹ́sẹ̀, Mansur ló pariwo. Níbi ìsìnkú ìyá ẹ̀ pàápàá, kò sunkún. Ó dúró síbẹ̀, ó ń ka àwọn ìlà tó wà lára aṣọ pásítọ̀, ó sì mọ iye tí wọ́n jẹ́ títí dòní.

Bó tiẹ̀ ṣe di òṣìṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa. Pósí ìyá ẹ̀ ló wá rà. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó bá wọn di pákó mú. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sin ìyá ẹ̀. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó padà wá, ó mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Ọ̀gá Olúṣọlá, tó ni ṣọ́ọ̀bù, rò pé Mansur ló gbà á síṣẹ́. Mansur rò pé Ọ̀gá ni. Oṣù kan gbáko kọjá kí wọ́n tó bi ara wọn. Nígbà yẹn, ó ti ṣe wẹ́bùsáìtì fún wọn, kò sì sí bí wọ́n ṣe fẹ́ lé ẹni tí kò sẹ́ni tó gbà á.

Fọ́tò inú pósí yẹn, èrò Ọ̀gá ni. Àwọn oníbàárà ń sọ pé àwọn ò lè mọ bí pósí ṣe tóbi tó lórí fóònù, ni Ọ̀gá bá ní kí ẹnì kan sùn sínú ẹ̀. Mansur ní Mùsùlùmí lòun, àwọn kì í lo pósí, òun ò lè máa múra sílẹ̀ fún ìdánwò tí òun ò ní jókòó sí. Ọ̀gá ní òun náà ti pé ọgọ́ta, wọ́n lè rí òun látòkè kí wọ́n rò pé òun ti ṣe tán. Tóbilọ́ba bọ́ bàtà, ó wọlé. Ó rí lára ẹ̀ bí ìgbà téèyàn bá wọ ọkọ̀ Òṣogbo. Wọ́n ya fọ́tò tán, wọ́n ní kó dìde, ó ní kí wọ́n fún òun ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i.

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ kí Ọ̀gá Olúṣọlá tó dé. Tépù tó fi ń wọn pákó wà lọ́rùn ẹ̀ bíi ti dókítà. Kò jókòó.

"Tóbi, òní lọdún nǹkan yẹn pé, àbí?"

"Òní ni, sà. Tí a ò bá tún un san, wọ́n á gbé e kúrò láàárọ̀ ọ̀la."

"Ẹni mélòó ló ti tibẹ̀ ra pósí?"

"Kò tíì sí, sà."

"Kò tíì sí." Ọ̀gá wo òpópónà Sẹkọ́nà, níbi tí ọkọ̀ kan tó kó iṣu ti ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ. "Gbọ́, mi ò bínú. Àmọ́ tí a bá fi máa ti ṣọ́ọ̀bù lónìí tí ẹnì kan ò tibẹ̀ ra ẹyọ kan, mi ò san nǹkan kan mọ́. Ìwọ náà á wá ibòmíràn lọ. O ò mọ ayùn dì mú, Tóbi. Sáìtì yẹn ni iṣẹ́ ẹ."

"Ó dáa, sà."

"Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Mo gbọ́, sà."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ó dúró kí ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù ò dé. Ohun tó mọ̀ ni pé ṣọ́ọ̀bù yìí nìkan ló ń gbé òun dìde lórí ẹní láàárọ̀. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí wọn kì í ṣí, á sùn sílẹ̀ títí iná á fi dé tí á tún fi lọ, kò ní wẹ̀, kò ní jẹun, á máa wo síìlì. Tí gbogbo ọjọ́ bá wá di Sọ́ńdè, ó lè má dìde mọ́. Ó rò ó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń rò bóyá òjò máa rọ̀.

"Kí ló ṣe imú ẹ níbẹ̀ yẹn?" Ọ̀gá ti rí láptọ́ọ̀pù.

Tóbilọ́ba tún ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá gbọ́ ọ dópin, ó ń fi tépù na ìka ara ẹ̀.

"Ó dáa. Tí o bá ní ṣọ́ọ̀bù, tí o rí i pé orí tábìlì kan báyìí ni gbogbo ẹni tó wọlé ń gbọ́wọ́ lé, ibo lo máa gbé ọjà sí?"

"Orí tábìlì yẹn, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Gbé bọ́tìnì yẹn sórí imú ẹ."

Mansur yíjú sí ògiri. Èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n.

"Kí ẹni tó bá tẹ ojú mi kó máa pè wá, sà?"

"Kó dún níbí gan-an. Ìwọ lo máa gbé e."

Tóbilọ́ba ò rí ìdí tí kò fi yẹ bẹ́ẹ̀. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Láti orí irun dé àgbọ̀n, àti ìrọ̀rí tó yí orí náà ká, gbogbo ẹ̀ di bọ́tìnì.

Mansur ò tíì mu piọ́ wọ́tà ọwọ́ ẹ̀ tán tí fóònù fi dún.

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn o," ohùn obìnrin kan ní. "Fawziyah lorúkọ mi, ìlú Awo ni mo ti ń pè. Ẹ dákun, ọmọ ta ni ọmọkùnrin tó kú yẹn? Ojú ẹ̀ jọ ti ẹnì kan tí mo mọ̀."

"Èmi ni, mà."

Obìnrin náà gé e. Kò pẹ́, ó tún pè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbé fóònù lẹ́ẹ̀kan?"

"Èmi náà ni, mà. Èmi ni mo wà nínú fọ́tò. Mi ò kú."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Tóbilọ́ba rò ó díẹ̀. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, mà."

"Ó dáa náà. Ọlọ́run á forí jìn ẹ́, á fi Àlùjánńà kẹ́ ẹ." Ó gé e.

"Kí ló ní?" Mansur bi í.

"Ó ṣàdúà fún mi."

Ẹni tó tẹ̀lé e ni Tíṣà Ọláyẹmí, tó kọ́ Tóbilọ́ba ní ìṣirò nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì.

"Tóbilọ́ba? Tóbilọ́ba tí kì í mú kọ́ńpáàsì wá?"

"Èmi ni, sà."

"Mo rí fọ́tò yẹn lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mi ò tiẹ̀ lè jẹun. Mọ́ńdè la dúró fún ẹ lórí àsẹ́ńbílì. Ìṣẹ́jú kan gbáko, kò sẹ́ni tó mira."

"Ẹ ṣeun, sà."

"Àwọn ọmọ yẹn ò mọ̀ ẹ́ rí, wọ́n kàn dúró ni. Ọmọbìnrin kan tiẹ̀ sunkún." Tíṣà mí kanlẹ̀. "Ìṣẹ́jú yẹn ti lọ nìyẹn, a ò lè gbà á padà. Máa lò ó lọ."

Tóbilọ́ba gbé fóònù sílẹ̀. Ó ń ro ti ọmọbìnrin yẹn. Ìṣẹ́jú kan péré ló fi ṣe é, fún ẹni tí kò mọ̀ rí.

Nígbà tó fi máa di ìrun Àyìlà, ìpè mọ́kàndínlógún ti wọlé. Ẹnì kan fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀fọn lè wọ inú pósí. Obìnrin kan ní kí wọ́n bá òun bi àwọn ẹbí òkú léèrè ẹni tó gẹrun fún un, pé irun ọ̀hún gún. Àwọn méjì kan jọ ń pariwo lórí fóònù kan ṣoṣo: ọ̀kan ní òkú gidi ni, èkejì ní ó ń mí, wọ́n ti jọ ta tẹ́tẹ́, wọ́n ní kí Tóbilọ́ba dá a fún wọn. Ó ní òun ń mí. Ẹni tó pàdánù ò gbà, ó ní kó mí kóun gbọ́. Tóbilọ́ba mí sínú fóònù lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọkùnrin kan láti Owódé ò tiẹ̀ bi í ní nǹkan kan. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ yẹn ló wà, kó jọ̀ọ́, kó bá òun kí ẹ̀gbọ́n òun tó lọ lọ́dún tó kọjá, kó sọ fún un pé wọ́n ti rí ìwé ilẹ̀ yẹn, ó wà lẹ́yìn wọ́dúróòbù. Tóbilọ́ba kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n náà sílẹ̀, ó kọ "lẹ́yìn wọ́dúróòbù" sábẹ́ ẹ̀.

Mansur ti kírun dé. Ó wo bébà náà.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mi ò mọ̀. Ó ní kí n bá òun jẹ́ iṣẹ́ náà."

Mansur ti ń rẹ́rìn-ín láti àárọ̀. Kò rẹ́rìn-ín síyẹn. Ó jókòó sórí ìdérí pósí kan tí wọn ò tíì kùn.

"Tóbi, kí lo jẹ láàárọ̀?"

"Mi ò rántí."

"Lánàá ńkọ́?"

Tóbilọ́ba wò ó bí ẹni pé ó ní kó dárúkọ gbogbo ọba Ẹdẹ. Mansur bu búrẹ́dì ọwọ́ ẹ̀ sí méjì, ó fi ìdajì lé e lọ́wọ́, ó sì dúró tì í títí tó fi jẹ ẹ́ tán. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń jẹ sáńpépà, àmọ́ ó gbé e mì.

Ọ̀gá ti wọlé wọ̀de bí ẹ̀ẹ̀mẹfà. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún, á dúró, á na ọrùn. Gbogbo ìgbà tí Tóbilọ́ba bá sọ pé "Mi ò kú, sà" tàbí "Mi ò kú, mà," á padà síbi iṣẹ́ ẹ̀.

"Gbogbo Ẹdẹ ló ń pè," ó ní níkẹyìn, "kò sẹ́ni tó kú nínú wọn."

"Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ ni, Ọ̀gá," Mansur ní. "Ó kàn jẹ́ pé wọn ò tètè bẹ̀rẹ̀."

"Ìfẹ́ yẹn ò ra pósí." Ọ̀gá yọ tépù lọ́rùn, ó ká a. Aago mẹ́rin ti kọjá. "Tóbi, yọ ara ẹ kúrò níbẹ̀. Fi pósí òfìfo sí i, bíi ti àwọn tó lórí pípé. Lẹ́yìn náà, kó ẹrù ẹ jọ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe pé mo lé ẹ o. A jọ sọ ọ́ láàárọ̀ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ẹrù tí Ọ̀gá ń sọ, láptọ́ọ̀pù kan ni, àti ṣájà, àti súwẹ́tà kan tí kì í ṣe tiẹ̀. Ó wo súwẹ́tà náà. Ó rò bóyá kóun mú un lọ. Kò rí èsì kankan sí i nínú ara ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ṣí ibi tí fọ́tò náà wà, ó gbé ìka lé ibi tí wọ́n fi ń yọ ọ́ kúrò, fóònù dún.

Ọ̀gá nawọ́ pé kó ṣí sípíkà. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń pè yìí ti sú u láti máa gbọ́ ní ìdajì.

"Ẹ kúrọ̀lẹ́ o," ohùn bàbá àgbàlagbà kan ní. "Ó tún ti ń dún. Ìrètí, kí ni mo tẹ̀ tó ń dún yìí?"

"Ẹ kúrọ̀lẹ́, sà. Ilé iṣẹ́ pósí ni. Mi ò kú, sà."

"Ta ló ní o kú? Mo mọ̀ pé o ò kú. Ẹni tó kú kì í dijú gírígírí báyẹn." Bàbá náà wúkọ́. "Bàbá Ọláolúwa ni mí, ní ìlú Ara. Kì í ṣe pé mo fẹ́ pè yín. Ìrọ̀rí ni mò ń tẹ̀."

"Ìrọ̀rí, sà?"

"Ìrọ̀rí tó wà lábẹ́ orí ẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Láti ìjẹta ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́, kì í dún, àfi òní. Ìrètí ọmọọmọ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní fọ́tò ni. Mo mọ̀ pé fọ́tò ni. Ọwọ́ ni kò gbọ́. Ṣé téèyàn bá fẹ́ ra fóòmù, kì í tẹ̀ ẹ́ ni? Búrẹ́dì lásán, à ń tẹ̀ ẹ́ ká tó rà á."

Ọ̀gá ti dìde dúró. Mansur pa ìfági tì.

"Ìyàwó mi ló kú lọ́jọ́ Túsìdeè," bàbá náà ní. "Ọjọ́ Sátidé la fẹ́ sin ín. Àwọn ọmọ ní kí n mú èyí tó bá wù mí, pé gbogbo ẹ̀ wà lórí fóònù. Wọ́n dáa, gbogbo ẹ̀ ló ń dán. Dídán kọ́ ni mò ń wá. Ọrùn ló ń yọ ìyàwó mi lẹ́nu, láti ọdún mọ́kànlá. Kì í lè sùn lórí ohun tó bá le. Tó bá le, kò ní sùn, tí kò bá sì sùn, èmi náà ò ní sùn. Nínú gbogbo àwọn tó ń ta pósí, ìwọ nìkan ni mo rí tó ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Mo ní kí n bi ẹ́. Ṣé ó rọ̀?"

Ọ̀gá mi orí wùyẹ̀wùyẹ̀. Ó ń fi ẹnu sọ ọ́ láìsí ohùn: ó rọ̀, ó rọ̀. Ó tún fọwọ́ méjèèjì ṣe bí ẹni tó ń fọwọ́ pa ológbò lára.

Tóbilọ́ba rí i. Ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn lè ṣe fún un. Á jẹ́ kó jí lọ́la kó rí ibi lọ. Ó la ẹnu kó lè sọ ọ́. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò yẹn, àti bí egungun ẹ̀yìn orí ẹ̀ ṣe kan nǹkan kan tó dúró gbagidi. Ìgbà yẹn, kò kà á sí.

"Kò rọ̀, Bàbá," ó ní.

Ọ̀gá jókòó sórí àpótí.

"Ó le báwo?"

"Bí ìgbà tẹ́ ẹ bá gbórí lé gbòǹgbò igi. Èérún pákó la fi ń ki ìrọ̀rí wọn. Lẹ́búlẹ́bú tí ayùn bá tú sílẹ̀, òun la máa ń kó sínú ẹ̀. A máa ń fẹ̀ṣẹ́ gún un mọ́lẹ̀ dáadáa kó lè dúró, kó má tẹ̀ sísàlẹ̀ tí wọ́n bá ṣí i káwọn èèyàn wò. Aṣọ sátíìnì tá a fi bò ó ni kì í jẹ́ kó hàn."

Àkùkọ kan kọ lọ́hùn-ún. Tóbilọ́ba gbọ́ tí bàbá náà gbé ẹnu kúrò lórí fóònù, tó sọ nǹkan kan fún ẹnì kan, tó tún padà.

"O ṣeun," ó ní. "Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kò sẹ́ni tí mo bi ní nǹkan tí kò sọ fún mi pé ó dáa. Wọ́n ní ara ẹ̀ ti ń yá. Wọ́n ní ó ti jẹ ẹ̀kọ. Títí tó fi kú ni wọ́n ń sọ pé ó dáa." Ó tún wúkọ́. "Ṣé ẹ lè fi òwú sí i?"

Tóbilọ́ba wo Ọ̀gá. Ọ̀gá ń wo ilẹ̀.

"A lè fi òwú sí i, sà."

"Ta ló máa ṣe é?"

"Èmi."

"Má jẹ́ kó ga jù o. Tó bá ga, orí á ká sọ́dọ̀ àyà, ìyẹn gan-an ni kì í fẹ́. Kó kàn gbé orí kúrò nílẹ̀ báyìí. Ìwọ náà sùn lé e wò kó tó kúrò níbẹ̀."

"Mà á sùn lé e, sà."

"Pósí tó ní ọwọ́ ìdìmú mẹ́fà yẹn ni mo fẹ́. Ọláolúwa á wá gbé e láàárọ̀ ọ̀la. Orúkọ ẹ ńkọ́?"

"Tóbilọ́ba, sà."

"Tóbilọ́ba, ó dàárọ̀."

Ọ̀gá dìde, ó gbọn èérún pákó kúrò ní ìdí ṣòkòtò. Ó wo àwọn èérún náà bí wọ́n ṣe ń já bọ́ sílẹ̀.

"Ogún ọdún," ó ní, "kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí." Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú. "San owó ọdún sáìtì yẹn. Má yọ fọ́tò."

Tóbilọ́ba san án. Lẹ́yìn náà, ó tún ṣí hítímáàpù náà, ó fẹ̀ ẹ́ títí ojú ara ẹ̀ fi gba gbogbo láptọ́ọ̀pù. Ní kékeré, gbogbo pupa yẹn dà bí ohun kan ṣoṣo. Bó ṣe fẹ̀ ẹ́ tán, ó rí i pé imú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pupa, yẹ́lò ló pọ̀ jù lára ẹ̀. Ibi tó pupa jù, tó fẹ́ẹ̀ dúdú, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì, lórí sátíìnì funfun. Àmì ìka ló kún ibẹ̀, ọ̀kan lórí ọ̀kan, ó pọ̀ ju ohun tí bàbá kan lè dá tẹ̀ láti ìjẹta lọ. Kò lè mọ àwọn yòókù. Kò mọ ìlú wọn, kò mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ tẹ́ sílẹ̀.

Mansur ti gun ọ̀kadà lọ sí Òkè Gada, lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ṣe tìmùtìmù. Ó gbé òwú àràbà dé nínú àpò sìmẹ́ńtì, díẹ̀ lára ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn nírùngbọ̀n, kò sì mọ̀.

"Má bi mí ní nǹkan kan," ó ní. "Mo sọ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn pé òkú kan ló ní òun ò fẹ́ fóòmù."

Tóbilọ́ba tú ìrọ̀rí pósí ọlọ́wọ́ mẹ́fà náà. Ó da inú ẹ̀ sílẹ̀. Èérún pákó náà ò tiẹ̀ dà bí èérún mọ́, ó jáde ní odidi bí ìdì ẹ̀kọ, ó dún gbì nílẹ̀. Ó dúró, ó ń wò ó.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún un níbí nìyẹn, lọ́jọ́ tó wá ra ti ìyá ẹ̀. Lẹ́yìn tó bá wọn di pákó mú tán, ọwọ́ Mansur kún fún pọ́líìṣì, Ọ̀gá na àpò aṣọ kan sí i, ó ní, "Bá wa ki ìrọ̀rí yìí." Ó kì í. Ó bu èérún sí i ní ẹ̀kúnwọ́, ó ń fẹ̀ṣẹ́ gún un, ó ń bù sí i, ó ń gún un, títí kò fi gba nǹkan kan mọ́. Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọwọ́ ẹ̀ dáa. Inú ẹ̀ dùn, ó rántí. Òun fúnra ẹ̀ ló tiẹ̀ gbé e síbi orí nínú pósí ìyá ẹ̀.

Kò bi ara ẹ̀ bóyá ó rọ̀. Kò bi ara ẹ̀ bí ìyá ẹ̀ ṣe ń sùn.

Ó bu òwú sínú àpò náà, ó dúró, ó gbìyànjú láti rántí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni ìyá ẹ̀ fi ń sùn. Ìyẹn kọ́kọ́ wá. Lẹ́yìn náà, ó rí i pé kì í lo ìrọ̀rí rárá. Ìró ló máa ń ká, ìró aláwọ̀ ewé tó ti ṣá. Á ká a sí mẹ́rin, á gbórí lé e, á dìde, á ní ó ga. Á tú u, á ká a sí méjì. Á gbórí lé e. Á wá fọwọ́ tẹ́ ibi kékeré kan sílẹ̀ fún etí ẹ̀ kó tó dijú. Alaalẹ́ ni. Tóbilọ́ba ti máa ń sọ fún un nígbà kékeré pé kó kúkú ká a sí méjì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá ẹ̀ á ní, "Ṣé bó o ṣe máa mọ̀ nìyẹn?"

Ó yọ ẹ̀kúnwọ́ òwú méjì kúrò nínú àpò náà. Ó rán ẹnu ẹ̀ pa. Ó gbé e sórí bẹ́ńṣì, ó fọwọ́ tẹ́ ibi kékeré kan sílẹ̀ láàárín ẹ̀, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún lé e, ó dijú.

"Ṣé ó rọ̀?" Mansur bi í. Ó ti ń kó irinṣẹ́ sínú àpótí.

"Ó rọ̀."

Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tó gbórí sókè, sátíìnì náà ti tutù ní ibì kan, ó tóbi tó ẹyọ owó. Ó wo òkè bóyá páànù ń jò. Oòrùn ló gba inú ihò páànù wọlé, òjò ò rọ̀. Ó fọwọ́ kan ojú ara ẹ̀, ó wo ìka náà, ó tún fọwọ́ kàn án.

Mansur ti rí i. Ó yíjú sí ògiri, ó ń wá ìṣó tí kò sọnù.

Tóbilọ́ba fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu sátíìnì náà. Kò lọ. Ó yí ìrọ̀rí náà padà sódìkejì, ó tún fọwọ́ tẹ́ ibi kékeré yẹn sílẹ̀, kí apá tó gbẹ lè wà lókè fún Ìyá Ọláolúwa.